Èwo ló dájú jù? Àlàyé lórí X-ray, ultrasound, CT àti MRI fún ẹni tí dókítà kọ scan fún

Ẹni tó bá jókòó díẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń sanwó scan ní ilé ìwòsàn ńlá ní Abuja, ì báà jẹ́ ní Gwagwalada tàbí ní Garki, á gbọ́ ìbéèrè kan náà lẹ́nu oríṣiríṣi èèyàn: "Ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dájú jù nínú wọn?" Ẹni tí wọ́n kọ X-ray fún á máa rò pé dókítà fojú kékeré wo àìsàn òun. Ẹni tí wọ́n kọ CT fún á pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ̀gbọ́n á ní MRI ló yẹ kí wọ́n kọ. Ẹni tí wọ́n kọ MRI fún á gbọ́ iye owó rẹ̀, á wá máa bẹ̀bẹ̀ pé ṣé wọn ò lè bá òun fi ultrasound dípò. Lórí WhatsApp ẹ̀wẹ̀, àwọn kan ń pín in kiri pé scan ló ń fa jẹjẹrẹ, wọn kò sì sọ scan wo.

Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá nínú wọn. Ohun tí ọ̀kan rí kedere, òmíràn lè máà rí i rárá. Ohun tí dókítà fẹ́ mọ̀ nípa ara yín ló ń pinnu ẹ̀rọ tó yẹ, kì í ṣe iye owó rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni wọ́n ń pè ní scan gan-an?

Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wo inú ara láìfi abẹ kàn án ni àwa níbí ń pè ní scan. Nínú gbogbo ariwo orúkọ wọ̀nyẹn, ohun mẹ́ta péré ni àwọn ẹ̀rọ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níbí fi ń ríran. Àwọn kan ń lo ìtànṣán X-ray tí ojú kò lè rí: X-ray lásán, CT, mammogram tí wọ́n fi ń wo ọmú, àti HSG tí wọ́n fi ń wo ilé ọmọ àti ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wá, wà nínú agbo yìí. Àwọn kan ń lo ìró tí etí èèyàn kò lè gbọ́: ultrasound tí wọ́n fi ń wo aboyún, àti echo tí wọ́n fi ń wo ọkàn. MRI ń lo òòfà, irú èyí tó ń fa irin, pẹ̀lú ìgbì rédíò.

ECG tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà fún kò sí nínú wọn. Bí iná mànàmáná ṣe ń rìn nínú ọkàn ló ń kọ sórí ìwé, kò ya àwòrán kankan. Bí dókítà bá kọ echo, tí ẹ sì lọ ṣe ECG wá nítorí pé òun ló dínwó, wọ́n á tún dá yín padà ni.

X-ray: kí ló lè rí, kí ni kò lè rí?

Ọdún 1895 ni Wilhelm Röntgen, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ìlú Würzburg ní Jámánì, ṣàwárí ìtànṣán yìí. Kí ọdún náà tó parí, ó ti fi ya eegun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, òrùka sì hàn gedegbe lórí ìka. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ló ṣì ń ṣiṣẹ́ dòní: ìtànṣán gba ẹ̀gbẹ́ kan wọ ara, èyí tó bá sì la ara já sí ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n fi ya àwòrán. Eegun nípọn, ó ń dí ìtànṣán lọ́nà, torí náà ó ń funfun. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kò dí i lọ́nà, ó ń dúdú. Ẹran, ẹ̀jẹ̀, omi àti iṣan wà láàárín méjèèjì, gbogbo wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bákan náà.

Ìyẹn ló fi dára fún eegun tó ṣẹ́, oríkèé tó ti jẹ, owó wẹ́wẹ́ tí ọmọdé gbé mì, àti àyà. Bí ikọ́ bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tí wọ́n bá fura sí òtútù àyà tàbí ikọ́ ife, X-ray àyà wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, owó rẹ̀ kò ga, ó sì ti ràn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà ní Lugbe, tí orúnkún rẹ̀ wú, tí X-ray sì ní kò sí nǹkan kan, kò gbọdọ̀ rò pé irọ́ ni ẹ̀rọ pa. Ohun tí ẹ̀rọ sọ ni pé eegun kò ṣẹ́. Iṣan tó so eegun mọ́ eegun lè ti já, X-ray kò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè rí ọpọlọ inú agbárí, tàbí iṣan tó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá.

Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ mọ orúkọ HSG dáadáa, ẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń bà wọ́n. X-ray ni òun náà. Wọ́n á ti oògùn olómi kan gba ojú ara wọ ilé ọmọ, wọ́n á sì máa wo bó ṣe ń ṣàn nínú ọ̀nà méjì tí ẹyin ń gbà wá. Bó bá ṣàn jáde ní ìkángun kejì, ọ̀nà là. Bó bá dúró, ó ṣeé ṣe kí ọ̀nà dí, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìrora ló mú kí iṣan ibẹ̀ fún pọ̀ lásìkò náà. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá dá, kí ẹyin tó jáde, ni wọ́n máa ń ṣe é, kó má baà bá oyún nínú. Ó máa ń dunni bí inú rírun nǹkan oṣù, fún àwọn mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà ẹ béèrè oògùn ìrora tí ẹ lè lò kí ẹ tó débẹ̀. Kí ọkọ náà sì lọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀. Àwọn obìnrin kan ti ṣe HSG lẹ́ẹ̀mejì kí ọkọ wọn tó gbà láti dé láàbù lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yẹn sì máa ń bí mi nínú.

Mammogram ni X-ray ọmú. Wọ́n á fi pátákó méjì tẹ ọmú pẹlẹbẹ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, nítorí pé bó bá ṣe tẹ́ tó ni àwòrán ṣe ń mọ́ tó, ìtànṣán tí wọ́n nílò náà á sì dín kù. Lọ́jọ́ náà, ẹ má fi pọ́dà, ìpara tàbí deodorant sí abíyá. Èérún irin tó wà nínú àwọn kan lára wọn lè hàn bí àwọn ẹ̀kán funfun kéékèèké tí dókítà ń wá nínú ọmú gan-an. Fún obìnrin tí kò tíì pé 40 ọdún, ọmú sábà máa ń ki, àwòrán rẹ̀ á funfun káàkiri, kókó sì funfun pẹ̀lú, kò ní ṣeé yà sọ́tọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń kọ ultrasound fún un.

Ultrasound: kí nìdí tí wọ́n fi ní kí n mu omi, tí wọ́n sì ní kí ẹnìkejì mi má jẹun?

Ìró tó bá kọjá ìgbì 20,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, etí wa kò lè gbọ́ ọ mọ́. Èyí tí ultrasound ń lò wọ mílíọ̀nù. Ohun kékeré tí wọ́n ń tì káàkiri lórí ikùn ló ń rán ìró náà wọlé, òun náà ló ń gbọ́ èyí tó ta padà, kọ̀ǹpútà á sì sọ ọ́ di àwòrán lójú ẹsẹ̀. Kò sí ìtànṣán kankan nínú rẹ̀. Jẹ́lì tútù tí wọ́n ń fi pa ara kì í ṣe oògùn. Ó ń lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín awọ ara àti ẹ̀rọ ni, torí afẹ́fẹ́ kì í jẹ́ kí ìró yìí kọjá.

Eegun náà kì í jẹ́ kó kọjá. Nítorí náà, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, òkúta inú òróòro, ilé ọmọ, ìju tí gbogbo ayé ń pè ní fibroid, prostate, gẹ̀gẹ̀ àti kórópọ̀n, gbogbo ìwọ̀nyí ni ultrasound ń wò dáadáa. Ọpọlọ àgbàlagbà wà nínú agbárí, kò lè dé ibẹ̀. Ti ọmọ tuntun yàtọ̀: àwùjẹ rẹ̀ kò tíì dì, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà wo ọpọlọ rẹ̀.

Látinú èyí ni ọ̀rọ̀ omi àti oúnjẹ ti wá. Bí ẹ bá jẹun, òróòro á fún pọ̀, á tú ohun inú rẹ̀ sínú ìfun, òkúta inú rẹ̀ á wá ṣòro láti rí, afẹ́fẹ́ ìfun náà á sì pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ wo òkè ikùn rẹ̀ gbààwẹ̀ fún wákàtí 6 sí 8. Ẹni tí wọ́n fẹ́ wo ilé ọmọ tàbí prostate rẹ̀ láti orí ikùn ni wọ́n ń ní kó mu omi, torí pé bí àpò ìtọ̀ bá kún, ó máa ń ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìró á sì gba inú omi náà ríran. Bó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń gba ojú ara wò ni, kí ẹ tọ̀ dà nù kí ẹ tó wọlé ni wọ́n máa ń fẹ́.

Ẹ̀yin tó ń gbé Mararaba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mu omi náà nílé. Ẹ mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya ṣe máa ń rí láàárọ̀. Ẹ gbé ìgò omi dání, ẹ débẹ̀, ẹ forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè iye èèyàn tó wà níwájú yín, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún.

Ohun kan wà tó ń da àwọn aboyún láàmú lórí ultrasound: scan àkọ́kọ́ ní ẹ máa bí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìkejì ní ìdajì oṣù, ìkẹta tún ní òmíràn. Èwo ni kí èèyàn gbà gbọ́? Èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ni, bí ẹ bá ṣe é kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 13 tàbí 14. Ẹ̀rọ kò mọ ọjọ́ tí oyún dúró. Gígùn ọmọ ló ń wọ̀n, tó sì fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ sí ìkẹta, gbogbo ọmọ ń dàgbà bákan náà, ìṣírò náà kì í fi ju ọjọ́ díẹ̀ lọ yẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sígbọnlẹ̀ ti tóbi ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ìṣírò lè fi ọ̀sẹ̀ 3 yẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí aboyún ṣe scan kan, ó kéré tán, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 24. Ẹ pa ìwé èsì àkọ́kọ́ yẹn mọ́ títí ẹ ó fi bímọ.

Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe ultrasound ṣe pàtàkì ju ọwọ́ ẹni tó ń ya X-ray lọ. Ibi tó bá gbé ẹ̀rọ sí nìkan ló ń rí, ohun tí kò bá wá, kò ní rí i. Nítorí náà ẹ lè gba èsì méjì tó ta kora láti ilé scan méjì lórí títì kan náà ní Kubwa. Kò burú láti béèrè ẹni tó fẹ́ ṣe é, bóyá dókítà ni tàbí radiographer, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán inú ara, tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ wọn, Radiographers Registration Board of Nigeria.

CT: ṣé X-ray kọ́ ni?

X-ray ni, àmọ́ ọ̀nà tó ń gbà lò ó yàtọ̀. Ẹni tó bá ra iṣu ní Zuba lè wo ara rẹ̀ títí, kò lè mọ̀ bóyá inú rẹ̀ ti jẹrà, àfi kó gé e ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kó sì wo ojú ẹ̀là kọ̀ọ̀kan. Ohun tí CT ń ṣe nìyẹn láìlo ọ̀bẹ. Ẹ ó dùbúlẹ̀ sórí tábìlì tó ń wọ inú òrùka ńlá kan, ohun tó ń tan ìtànṣán á máa yí po inú òrùka náà, kọ̀ǹpútà á sì kó gbogbo ohun tó rí jọ di ẹ̀là-ẹ̀là. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ya orí aláìsàn kan ní London. Godfrey Hounsfield tó ṣe ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ ní EMI, ilé iṣẹ́ kan náà tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù orin, òun àti Allan Cormack sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1979.

Yíyára ni CT fi dára jù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó lè wo orí ẹni tó ní ìjàǹbá mọ́tò, òkúta inú kíndìnrín, ẹ̀dọ̀fóró, àti kókó inú ikùn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya nínú ọpọlọ, funfun báláú ló máa hàn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ, tó sì fa stroke, CT tí wọ́n ṣe ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ lè máà fi nǹkan kan hàn, bẹ́ẹ̀ MRI á ti rí i. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá rẹ̀ rọ, tí CT rẹ̀ sì mọ́, kò tíì bọ́ nínú ewu. Ohun tí CT jẹ́ kí dókítà mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ kò ya, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kó mọ irú ìtọ́jú tó lè bẹ̀rẹ̀.

Nígbà mìíràn wọ́n á kọ "with contrast" sí i. Oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan ẹ̀jẹ̀ ni, iodine ló wà nínú rẹ̀, kí òpó ẹ̀jẹ̀ àti kókó lè yàtọ̀ sí ẹran tó yí wọn ká. Bó bá ṣe ń wọlé, ara á gbóná wìì, ẹnu á korò bí ẹni lá irin, ó sì máa ń ṣe èèyàn bí ẹni pé ó ti tọ̀ sára. Ẹ kò tọ̀ sára, á kọjá láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á kọ́kọ́ béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine, láti mọ̀ bóyá kíndìnrín yín lágbára láti tọ oògùn náà dà nù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó ń lo metformin gbọdọ̀ sọ, kí wọ́n lè pinnu bóyá ó yẹ kó dáwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Ẹni tí oògùn yìí ti bá jà rí náà gbọdọ̀ sọ. Ti edé tí àwọn èèyàn máa ń sọ, pé ẹni tí edé bá ń bá ara rẹ̀ jà kò gbọdọ̀ gba contrast, kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun inú edé tó ń bá ara jà kì í ṣe iodine.

MRI: kí ló dé tó wọ́n, tó pariwo, tó sì léwu fún irin?

Omi ló pọ̀ jù nínú ara èèyàn, hydrogen sì wà nínú gbogbo omi. Òòfà ńlá inú ẹ̀rọ yìí á mú kí àwọn hydrogen náà kọjú síbì kan, ìgbì rédíò á tì wọ́n díẹ̀, bí wọ́n bá ṣe ń padà sí àyè wọn, wọ́n á fọhùn padà. Ohùn yẹn ni kọ̀ǹpútà ń sọ di àwòrán. Nítorí pé omi inú ẹran, iṣan, ọ̀rá àti ọpọlọ kò rí bákan náà, ohun tí X-ray kò lè yà sọ́tọ̀, MRI á yà á sọ́tọ̀. Ọpọlọ, iṣan inú eegun ẹ̀yìn, orúnkún tí iṣan rẹ̀ já, prostate àti ilé ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ díjú ni wọ́n sábà ń fi wò. Kò lo ìtànṣán. Àmọ́ bó bá jẹ́ eegun ìka tó ṣẹ́ tàbí òkúta inú kíndìnrín lẹ ń wá, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ó máa ń gbà tó 20 ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, èèyàn kò sì gbọdọ̀ mira. Ó ń pariwo gbàgbàgbà, wọ́n á fún yín ní ohun tí ẹ ó fi dí etí, àti bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ẹ ó fún mọ́ ọwọ́ bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n fà yín jáde. Bí ibi híhá bá máa ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé. Ní ti owó, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wọ́n, àtúnṣe rẹ̀ wọ́n, iná tó ń jẹ pọ̀, dísù sì ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Agbára òòfà wọn kò dọ́gba, tesla ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà ní Nàìjíríà kò tó 0.5 tesla, àwọn kan jẹ́ 1.5. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́, àwòrán rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ́ tó. Bí dókítà bá ti sọ pé 1.5 lòun fẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ibi tó yẹ ká dúró sí dáadáa nìyí. Òòfà 1.5 tesla lágbára tó ìlọ́po 30,000 òòfà ilẹ̀ ayé tó ń darí kọ́ńpáàsì. Iná lè lọ, òòfà náà kò ní lọ. Ó wà lẹ́nu iṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kódà nígbà tí kò sí aláìsàn nínú rẹ̀. Ní 2018, ọkùnrin kan gbé sílíńdà atẹ́gùn wọ yàrá MRI ní Mumbai ní ilẹ̀ India, òòfà fa òun àti sílíńdà mọ́ra, ó sì kú. Ní oṣù July 2025, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wọ̀n irin ńlá sọ́rùn wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York, òun náà kú. Àwọn méjèèjì kì í ṣe aláìsàn tí wọ́n fẹ́ yà. Ẹni tó tẹ̀lé aláìsàn lọ ni wọ́n.

Nítorí náà, ìbéèrè gígùn tí wọ́n ń bi yín lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe àwáwí. Ẹ bọ́ òrùka, ẹ̀gbà, aago, píìnì gèlè àti ti hijab, wíìgì tàbí weave-on tó ní irin nínú. Ẹ nu tìróò kúrò lójú. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní wáyà, ìfúnpá tàbí ońdè tí wọ́n fi irin dì, ẹ má tijú, ẹ yọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bi yín ní ìdí tí ẹ fi ń lò ó. Fóònù àti káàdì ATM kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí ọkàn rẹ̀ tàbí sí etí rẹ̀, ẹni tí wọ́n fi irin di òpó ẹ̀jẹ̀ nínú orí rẹ̀, ẹni tí ọta ìbọn tàbí àfọ́kù bọ́ǹbù ṣì wà lára rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ kí wọ́n tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Irin tí wọ́n fi to eegun sábà máa ń ṣeé gbà wọlé, àmọ́ ẹ mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání.

Wẹ́dà àti páńẹ́lì-bítà ní Apo Mechanic Village, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Èérún irin lè ti ta sójú yín láti ọjọ́ pípẹ́, kí ẹ sì ti gbàgbé. Bí òòfà bá mú un rìn, ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe, wọ́n á kọ́kọ́ fi X-ray wo ojú yín.

MRI tún ní wàhálà kan tí àwọn èèyàn kì í kà sí: ó ń ríran jù. Nínú àwọn tí ẹ̀yìn kò dùn rárá, tí wọ́n kàn fi ẹ̀rọ wò, wọ́n rí disc, ìyẹn ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì, tó yọ gọ̀bù lára nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn ọmọ ogún ọdún, 60 nínú 100 àwọn ẹni àádọ́ta ọdún, àti 84 nínú 100 àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí ẹ̀yìn bá wá ń dùn yín, tí wọ́n sì rí irú rẹ̀, ó lè máà jẹ́ òun ló ń dùn yín. Fún ẹ̀yìn dídùn lásán tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 6, dókítà tí kò kọ MRI fún yín kò fojú kékeré wò yín. Ó yàtọ̀ bí ẹsẹ̀ bá ń rọ, bí ẹ kò bá lè mú ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ dúró, bí ibà tàbí rírù bá bá a rìn, tàbí bí ẹ bá ti ní jẹjẹrẹ rí. Ìyẹn kò ṣeé dúró dè.

Ṣé lóòótọ́ ni scan ń fa jẹjẹrẹ?

Ultrasound àti MRI kò lo ìtànṣán tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò. X-ray àti CT ló kù. Ìtànṣán wọn lè ba nǹkan jẹ́ nínú ara bó bá pọ̀, ìyẹn kì í ṣe àhesọ. Ohun tí ohùn orí WhatsApp kò sọ ni ìwọ̀n.

Millisievert ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Inú ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run ni ìtànṣán ti ń bá gbogbo wa láìdé ilé ìwòsàn, ó sì jẹ́ bíi 2.4 lọ́dún fún èèyàn kọ̀ọ̀kan lágbàáyé. X-ray àyà kan kò ju 0.1 lọ, ìyẹn bí ohun tí ayé fúnra rẹ̀ ń fún wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. CT orí jẹ́ bíi 2. CT ikùn àti ìbàdí jẹ́ bíi 8 sí 10, ó tó ti ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ, ìtànṣán ti tán, kò ṣẹ́kù sára.

Ewu CT kan kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ àìsàn tí wọn kò rí. Ṣùgbọ́n CT tí kò nídìí, tí èèyàn kàn ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe nítorí pé ti àkọ́kọ́ sọnù, kò tọ́. Ọmọdé ló yẹ ká ṣọ́ jù, ara wọn ṣì ń dàgbà. Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kọjá ọjọ́ gbọdọ̀ sọ, kódà bí ìyá ọkọ bá jókòó tì í.

Kí ló yẹ kó wà lórí fọ́ọ̀mù?

Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wo fọ́ọ̀mù tí dókítà fi kọ scan fún wọn, wọ́n á kàn ká a sápò. Ẹ wò ó. Bó bá jẹ́ pé "CT brain" nìkan ló wà lórí rẹ̀, ẹ padà bá dókítà. Ẹni tó máa ka àwòrán kò rí yín, kò mọ̀ pé ọwọ́ òsì ló ń rọ, tàbí pé orí fífọ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìjàǹbá. Bí ìbéèrè bá yé e, á mọ ibi tó yẹ kó tẹjú mọ́, ó sì lè sọ pé ẹ̀rọ mìíràn ló máa dáhùn rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kí ẹ bi dókítà kí ẹ tó dìde ni èyí: "Dókítà, kí lẹ ń wá, kí lẹ ó ṣe bí ẹ bá rí i?" Bí ìtọ́jú kò bá ní yí padà yálà wọ́n rí i tàbí wọn kò rí i, ẹ béèrè bóyá ẹ lè ní sùúrù lórí scan náà.

Ẹ̀yin tó wà lórí NHIA, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìjọba, ẹ má kọ́kọ́ sanwó. Ilé ìwòsàn yín ló máa kọ̀wé sí HMO, ilé iṣẹ́ tó ń bá yín san owó ìtọ́jú, fún kóòdù kí ẹ tó ṣe é. Ẹ béèrè èló nínú owó náà ni wọ́n máa san, pàápàá bó bá jẹ́ CT tàbí MRI.

Ta ló ń ka àwòrán?

Radiographer ló ń gbé yín sórí ẹ̀rọ, òun ló ń ya àwòrán. Dókítà mìíràn tí ẹ lè máà fojú rí, radiologist, ló ń kà á, tó sì ń kọ èsì. Bí Màmá bá bi ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ pé, "Ọmọ mi, kí lo rí?" tó sì dáhùn pé, "Mà, dókítà á sọ fún yín," kò fi nǹkan pamọ́.

Ẹ gba fíìmù tàbí CD yín, ẹ má gba ìwé èsì nìkan. Nígbà mìíràn ti èṣín ló ń sọ bóyá kókó kan ń dàgbà tàbí ó ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí náà ẹ gbé ti àtijọ́ dání nígbà tí ẹ bá ń lọ ṣe tuntun. Fíìmù tí wọ́n ń tẹ̀ lóde òní máa ń dúdú bí ooru bá pọ̀ lára rẹ̀, ẹ má fi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn oṣù March. Bó bá jẹ́ CD, ẹ ní kí wọ́n ṣí i lórí kọ̀ǹpútà wọn lójú yín, kí ẹ rí i pé orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.